Àwòrán Ọmọ Kì í Ṣe Ọmọ: Àyẹ̀wò Fíìmù Ẹgbẹ́ Olórin One Direction

Orúkọ One Direction kò ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọkùnrin márùn-ún ni wọ́n: Niall Horan, Zayn Malik, Liam Payne, Harry Styles àti Louis Tomlinson. Lọ́dún 2010, kálukú wọn lọ dá dán ohùn wò níbi ìdíje The X Factor lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni a ti pa wọ́n pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ṣe ipò kẹta, Simon Cowell, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, sì gbà wọ́n sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó ń gbé orin jáde. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn nígbà náà jẹ́ ọmọ ọdún 18; mẹ́ta nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 16. Lọ́dún 2013 ni fíìmù nípa ìgbésí ayé wọn, One Direction: This Is Us, jáde ní ilé sinimá. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di DVD tí tọmọdé tàgbà lè jókòó wò nínú ilé. A fẹ́ tún un yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún fíìmù náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Morgan Spurlock tó darí rẹ̀ kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko jẹ oúnjẹ McDonald's nìkan nínú Super Size Me, fíìmù rẹ̀ ti ọdún 2004, kí ayé lè rí ohun tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń fi ara ṣe. Nínú fíìmù tiwa yìí, a rí àwọn ọmọ náà lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Mẹ́síkò, a sì rí ogunlọ́gọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pariwo orúkọ wọn. Harry padà lọ sí ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ kí òkìkí tó dé. Gbogbo wọn yí iná ká lálẹ́, wọ́n ń sọ bí ọjọ́ iwájú yóò ti rí. Ọmọ tó ṣeé fẹ́ràn ni wọ́n, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò gbéra ga.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn òbí ni fíìmù náà ti wọ̀ wá lára jù. Zayn, tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé Mùsùlùmí ní ìlú Bradford, ra ilé fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní tọrọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Ìyá Liam ní tirẹ̀ ra àwòrán páálí tó ga tó ènìyàn, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà, ó gbé e sílé nítorí pé àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́. Fíìmù náà gbé e kalẹ̀ bí ohun ẹ̀rín. Àwa kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ìyá tó bí ọmọ ni ó wá ń náwó lọ́jà ra àwòrán ọmọ náà!

Kí ló dé tí fíìmù náà kò dúró níbẹ̀ kí ó béèrè ìbéèrè? Ìdáhùn kò jìnnà. Simon Cowell tó ń jèrè orin àwọn ọmọ náà wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde. Sony tó lọ́wọ́ nínú orin wọn náà ló pín in káàkiri ayé, owó tó wọlé ní ilé sinimá nìkan sì lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là. Oríkì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí. Oríkì kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ki ọba kì í ka gbèsè ọba sínú oríkì. Spurlock tó tú àṣírí oúnjẹ fáyé rí, ìlù ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ló jó sí lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2015, Zayn fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa gbé bí ọmọ ọdún 22 yòókù, kí òun lè sinmi. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àwọn mẹ́rin tó kù náà dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2021, Liam fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé lásìkò ẹgbẹ́ náà, bí wọ́n bá ti kọrin tán, inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń tì wọ́n mọ́ nítorí ààbò, ọtí sì wà nínú yàrá. Fíìmù náà kò sọ èyí fún wa. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Liam já bọ́ láti àjà kẹta hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Buenos Aires, lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà, ó sì kú. Ọmọ ọdún 31 ni. A kò sọ pé fíìmù ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ èyí, tó tún rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán páálí yẹn, kò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn, ìfọmọsíṣẹ́ kì í ṣe tuntun. Ní Ìsẹ́yìn tí a ti ń hun aṣọ òfì, bí a bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, a óò sọ iye ọdún tí yóò lò, òbí mọ ilé tí ọmọ ń sùn, ó sì mọ ọjọ́ tí ọ̀gá yóò ṣàdúrà fún un, tí yóò dá a sílẹ̀ láti máa ṣe tirẹ̀. Kí ni ọjọ́ ìdásílẹ̀ àwọn ọmọ inú fíìmù yìí? Kò sí ẹni tó béèrè.

Ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ọmọkùnrin Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá ti ń kó ara wọn jọ kọrin wéré láti fi jí àwọn ènìyàn sí sààrì nínú ààwẹ̀ Rámádàánì. Nínú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister, tó kú lọ́dún 2010, ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí ó tó di ọ̀gá nínú fújì. Saheed Aderinto, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn, ti ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀, Mr. Fuji: Barry Wonder. Ó dùn mọ́ wa pé onímọ̀ ìtàn ló gbé irú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹni tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni kí a máa bi gbogbo fíìmù, ti ilé àti ti òkèèrè: Ta ló náwó sí i? Ta ni wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ má wò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó wò ó pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá dé ibi àwòrán páálí yẹn, ẹ dá a dúró díẹ̀, kí ẹ jọ sọ ọ́: bí ẹnìkan bá wá tọrọ ọmọ wa yìí lọ́la, tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di olókìkí, kí ni a óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó jẹ́ hòo?