Omi Tí Ń Fúnni Lọ́mọ, Omi Tí Ń Gba Ọmọ

Lẹ́nu àwa Yorùbá, ìyá ni omi. Lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun ni àgàn ti ń tọrọ ọmọ, omi tútù rẹ̀ ni a sì fi ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ ní ìhà Abidjan, nítorí nígbà tí wòlíì William Wadé Harris, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà, gba etíkun ibẹ̀ kọjá ní 1913 àti 1914, omi ni ó fi ṣe ìrìbọmi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n dáná sun oògùn wọn. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò wí pé ìwòsàn ni omi, ó parí. Ìtàn tí a ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìlú náà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Ọbabìnrin Pokou ni mò ń wí, èyí tí Bernard Dadié kọ sínú ìwé rẹ̀, Légendes africaines, ní 1954. Ìjà oyè ní Kumasi ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ó lé obìnrin náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé etí odò Comoé. Odò kún, ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn. Awo wọn ní ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ ni odò ń bèèrè. Pokou gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sọ sínú omi, àwọn erinmi sì to ara wọn bí afárá. (Àwọn mìíràn ní igi ńlá kan ni ó tẹ̀, èyí kò yí ọ̀rọ̀ padà.) “Baouli”, èyíinì ni pé ọmọ ti kú, ni ìyá náà wí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní orúkọ ẹ̀yà Baoulé ti wá.

Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Mọremí. Ṣùgbọ́n ìkánjú ni kí a pe ìtàn méjèèjì ní ọ̀kan náà. Mọremí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn kí ó tó lọ wádìí àṣírí àwọn tí ń fi ìko bo ara wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Kò mọ̀ pé Olúorogbo ni òun yóò fi san án. Gbèsè ni tirẹ̀. Ti Pokou, ohun tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń sá ni. Ìyàtọ̀ kejì ni ó wúwo jù lójú mi: Ifẹ̀ bá Mọremí sunkún, wọ́n sì ṣèlérí láti máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Ikú ọmọ ni àwọn Baoulé fi ṣe orúkọ.

Nítorí náà ni Reine Pokou, ìwé Véronique Tadjo tí ó jáde ní 2005, fi yẹ ní kíkà. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà. Nígbà tí ó dàgbà, ó tún un sọ lọ́nà púpọ̀. Nínú ọ̀kan, Pokou kọ̀, kò sọ ọmọ sómi. Ọ̀tá mú wọn, a sì kó wọn lẹ́rú sọdá òkun. Níhìn-ín ni èmi àti òǹkọ̀wé náà kò ti fohùn ṣọ̀kan. Bí ìyá tí ó kọ̀ bá bọ́ sínú ọkọ̀ ẹrú, ǹjẹ́ a kò tún gbè sẹ́yìn odò? Bóyá ohun tí ó fẹ́ kí a rí ni pé òkun kì í bèèrè ọmọ kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọ Ejigbo pọ̀ ní Abidjan. Pokou ni ilé-ìwé ń kọ́ wọn. Mọremí ni ìyá wọn lè sọ fún wọn nílé. Nínú iṣẹ́ mi, ìbéèrè tí mo sábà ń bá lójú pátákó ni pé, “Kí ni Mọremí fi rúbọ?” Èmi ì bá fẹ́ kí olùkọ́ fi òmíràn kún un, fún obìnrin méjèèjì: kí ni àwọn tí ó là fún ìyá náà?