Ọ̀nà Àbùjá Nínú Ìtàn Sword Art Online

Bí òǹkọ̀wé bá ń gbé ìtàn jáde ní ìpín-ìpín, dandan ni kí òǹkàwé máa dábàá ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti wádìí bóyá òǹkọ̀wé fún un ní ohun tí yóò gbé àbá náà lé. Èyí ni a ó fi yẹ Sword Art Online wò, ìtàn àròsọ tí Reki Kawahara, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2002, tí ó di ìwé títẹ̀ ní 2009, tí àwọn ayàwòrán sì sọ di ìtàn aláwòrán lẹ́yìn náà.

Inú kọ̀ǹpútà ni ibùdó ìtàn náà wà. Àwọn 10,000 ènìyàn dé akoto tí ń gbé ọkàn wọn wọ inú eré. Kayaba Akihiko, ẹni tí ó ṣe eré ọ̀hún, ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn: ẹni tí ó bá kú nínú eré ti kú ní ayé nìyẹn. Wọn kò lè jáde àfi bí wọ́n bá ṣẹ́gun dé àjà 100 nínú Aincrad, ilé olódi tí wọ́n há sí.

Níbo ni Kayaba fúnra rẹ̀ fara pamọ́ sí? Àlọ́ àpamọ̀ ni ìbéèrè yìí, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó pa àlọ́ kò gbọdọ̀ gbé àmì tí a ó fi já a pamọ́. Kawahara kò gbé e pamọ́. Ẹ̀mí Heathcliff, olórí ẹgbẹ́ jagunjagun kan, kì í já sí ìdajì lójú ogun; nígbà tí òun àti Kirito, olú ẹ̀dá ìtàn, figagbága, asà rẹ̀ yára ju bí ọwọ́ ènìyàn ti lè yára lọ. Kirito sì rò ó pé ẹni tí ó ṣe eré kò ní fẹ́ jókòó kí ó máa wo àwọn ẹlòmíràn tí ń ṣe é. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gún régé.

Ètò àkókò ni ó kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní eré, ìwé kìíní fò wá sí àjà 74, nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà. Àjà 75 ni àṣírí ti tú. Ó ti pẹ́ tí Kirito ti ń gbọ́ òkìkí Heathcliff; àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni. Àwọn tí a lè fura sí kò sì pọ̀. Òǹkàwé tí ó bá ka iye ènìyàn inú ìtàn lè já àlọ́ yìí láì wo ẹ̀rí kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò má ṣe da àléébù yìí pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn pé ìtàn ń sáré jù. Ìsáré nìkan kì í ba àhunpọ̀ ìtàn jẹ́.

A lè gbèjà Kawahara pé ìdíje tí ó ní ìwọ̀n ojú ìwé ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ju ìwọ̀n ọ̀hún lọ ni ó fi gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wọn ojú ìwé.

Nínú ìpín kejì, Sugou Nobuyuki já 300 nínú àwọn tí ó yẹ kí ó jí gbà sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ń fi ọpọlọ wọn dánrawò. A tètè mọ ọ̀daràn, ìfojúsọ́nà wá di ti bí a ó ti mú un. Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Kayaba tí ó ti kú yọ lójijì, tí Kirito sì fi àṣẹ rẹ̀ borí. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Láti 2012 ni Kawahara ti ń tún ìtàn náà sọ láti àjà kìíní nínú Progressive, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àlàfo náà ń dí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni kò tíì mọ ẹni tí Heathcliff í ṣe?