«Kì í Ṣe Ojú Lásán»: Ṣé Ọ̀rọ̀ Yìí Tó Ẹ̀rí?

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, bí a ṣe ń yẹ iṣu wò lọ́jà kí a tó sanwó rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Pobè, oníwàásù kan dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní: «Bí ìjì bá jà lórí òkìtì irin àlòkù, ṣé ó lè to irin náà di mọ́tò? Kò lè ṣẹlẹ̀! Báwo wá ni ìyè ṣe lè ti inú omi àti erùpẹ̀ jáde fúnra rẹ̀? Kì í ṣe ojú lásán. Ẹnì kan ló ṣe é.» Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a pàdé ní kíláàsì wa ní Sakété, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi mí pé: «Olùkọ́, ṣé òótọ́ ló sọ?»

Oníwàásù yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Fred Hoyle, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe ìwádìí ìràwọ̀, ti sọ irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọkọ̀ òfurufú Boeing 747 ni òun fi ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwàásù ló ń ṣe. Èrò tirẹ̀ ni pé láti ojú òfurufú lọ́hùn-ún ni ìyè ti wá sí ayé wa.

Kí n tó lọ jìnnà: èmi náà gbà pé Ọlọ́run wà. N kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni mo fẹ́ wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a fi lẹ́tà wọ̀n ọ́n. Lẹ́tà 25 ni a ní. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara páálí kékeré, kí ẹ kó wọn sínú igbá. Ẹ di ojú yín, ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ṣé «Sakete» ni yóò jáde? Oríṣi ọ̀nà tí lẹ́tà mẹ́fà lè gbà jáde jẹ́ 244,140,625. Ẹ lè mú un láti àárọ̀ di alẹ́ títí ẹ ó fi darúgbó, kí orúkọ ìlú wa má jáde. Bí oníwàásù ṣe ń ṣírò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ yí òfin eré náà padà. Lẹ́tà tí ó bá bọ́ sí ipò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ipò tí kò tíì dára nìkan ni kí ẹ tún mú lẹ́tà fún. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní tó ìgbà 100 tí «Sakete» yóò fi jáde. Igbá kan náà ni, lẹ́tà kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé èyí tí ó dára kò sọnù mọ́.

Ìyá àgbà kan nínú kíláàsì dá mi lóhùn pé: «Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ló dá lẹ́tà náà dúró. Ìwọ lo mọ ohun tí ò ń wá.» Òótọ́ ni ìyá sọ. Ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, tí ó ti wà láti ọdún 1922, ènìyàn ló ń yan ọ̀pẹ tí wọn yóò mú irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń yan ẹ̀fọn? Wọ́n fi oògùn sí ara àwọ̀n tí à ń ta sórí ibùsùn. Ẹ̀fọn tí oògùn náà ràn kú. Àwọn díẹ̀ tí ara wọn gbà á kò kú, wọ́n yé ẹyin, àwọn ọmọ wọn sì jọ wọ́n. Lónìí, ní apá gúúsù Benin níbí, ẹ̀fọn tí oògùn àwọ̀n kò ràn mọ́ pọ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó yan wọ́n. Èyí fi hàn pé ohun tí ó dára lè dúró láìsí ọwọ́ tí ó mú un dúró. (Ẹ má torí èyí kó àwọ̀n yín dànù o! Ó ṣì ń dí ẹ̀fọn lọ́nà.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ló kù. Ẹ̀fọn ní ìyá. Ohun alààyè àkọ́kọ́ kò ní ìyá. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1953, ní Chicago ní Amẹ́ríkà, Stanley Miller fi omi àti oríṣi afẹ́fẹ́ mẹ́ta sínú ìgò, ó sì ń jẹ́ kí iná mànàmáná máa ṣẹ́ nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó rí àwọn èròjà kan tí ara ẹran àti ti ènìyàn fi ń mọ ara rẹ̀. Ìyẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n bíríkì kì í ṣe ilé. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì mú ohun alààyè jáde láti inú ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá ní sáyẹ́ǹsì ti parí ọ̀rọ̀ náà, irọ́ ló ń pa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní òun ti ṣírò rẹ̀. A lè ṣírò ti igbá wa nítorí a mọ̀ pé lẹ́tà 25 ló wà nínú rẹ̀. Ti ìyè àkọ́kọ́ ńkọ́? Ta ló mọ iye lẹ́tà inú igbá náà? Ta ló mọ iye ìgbà tí a mú un, nínú gbogbo omi òkun, nínú ayé tí ó ti wà fún nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 4.5? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tí ó ń pe iye, àbá ló ń dá.

Ẹ lè bi mí pé: «Kí ló kàn wá níbẹ̀?» Ó kàn wá púpọ̀. Ní agbo ilé wa nígbà kan, ọmọ ìyá kan méjì kú nínú òjò ọdún kan ṣoṣo. Ẹnì kan ní: «Ọ̀kan lè jẹ́ lásán. Méjì? Kì í ṣe ojú lásán. Ẹnì kan ló ṣe é.» Wọ́n wo ìyá arúgbó kan tí kò lọ́mọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí oko, ibẹ̀ ló kú sí. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ibà ló pa ọmọ méjèèjì. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn sí, omi ìdọ̀tí sì dúró sẹ́yìn fèrèsé. Ikú èkíní àti ikú kejì, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá arúgbó náà lẹ́bi. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn tí ó kàwé pàápàá ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọwọ́ méjì kú mọ́ Sally Clark lọ́wọ́, ọ̀kan ní 1996, ọ̀kan ní 1998. Ní 1999, dókítà kan sọ nílé ẹjọ́ pé kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lásán lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré nínú mílíọ̀nù 73. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wá sọ pé ìṣirò náà kò tọ́: inú ilé kan náà, láti ara ìyá kan náà, ni ọmọ méjèèjì ti wá. Àti pé ìyá tí yóò pa ọmọ méjì ńkọ́, ṣé òun náà kò ṣọ̀wọ́n? Ní 2003, àbájáde àyẹ̀wò kan tí wọn kò gbé jáde tẹ́lẹ̀ hàn, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ó kú ní 2007.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá gbọ́ «kì í ṣe ojú lásán», ẹ bi ẹni náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Báwo lo ṣe ṣírò rẹ̀? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò sọnù? Kí lo fi wé e?

Ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́, kí ó máa gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ jókòó lórí ìṣirò tí kò dúró dáadáa. Kò sí ìtìjú nínú «n kò tíì mọ̀». Ká ní a sọ ọ́ ní agbo ilé wa lọ́jọ́ yẹn ni, arúgbó yẹn ì bá kú sínú yàrá rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.