Ọwọ́ Tó Ń Lọ Àpáàdì

Inú àpáàdì kì í ṣe amọ̀ nìkan. Iyanrìn wà níbẹ̀, òkúta tí wọ́n fọ́ wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpáàdì àtijọ́ tí amọ̀kòkò gún pò mọ́ amọ̀ tuntun. Kí ojú tó lè rí wọn, wọ́n á gé àpáàdì pẹlẹbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi gba inú rẹ̀ kọjá. Henry Clifton Sorby, ará Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń lọ òkúta báyìí ní nǹkan bí ọdún 1850. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ta ní ń fi maikirosíkóòpù wo òkè?

Ìlọ̀ ìkẹyìn ni iṣẹ́ wà. Mìlímítà 0.03 ni wọ́n ń wá, ó sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Àwọ̀ quartz, òkúta funfun inú iyanrìn, ni òṣùwọ̀n rẹ̀, láàárín àsẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Bó bá ṣì nípọn, ó ń tàn bí òṣùmàrè. Ó di pupa, ó di ìyeyè, ó di funfun. Ibi tí funfun ti ń wọ àwọ̀ eérú ni ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá yí díẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ ti bá omi lọ. Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lọ̀ kì í wo aago. Etí ló fi ń ṣe é, nítorí ìró ìyẹ̀fun ìlọ̀ ń rọlẹ̀ bó ti ń kúnná. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé ìka kan ṣoṣo tó ń rọra tẹ igun tó nípọn jù, tí yóò gbé e wò, tí yóò tún tẹ̀ ẹ́. Ìkánjú a máa já quartz yọ, ihò tó bá fi sílẹ̀ a sì jọ ihò tí iná dá sínú amọ̀. Irọ́ wọ ìwé nìyẹn.

Sùúrù yìí ni Anna Shepard fi wo ìkòkò Pecos ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1936 fi hàn pé ibòmíràn ni wọ́n ti mọ púpọ̀ nínú wọn, nítorí òkúta inú wọn kì í ṣe ti ìtòsí. Àwọn tó gbà pé abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń mọ ti ara rẹ̀ ní láti tún inú rò.

Lónìí, ẹ̀rọ kan tó ṣeé fi ọwọ́ mú a máa ka èròjà àpáàdì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn kan sì rò pé ìlọ̀ ti parí. Iye èròjà nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń sọ. Kò lè ya iyanrìn odò sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta tí amọ̀kòkò fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí àpáàdì kékeré tó jókòó sínú àpáàdì ńlá pẹ̀lú iyanrìn tirẹ̀ nínú.