Àríyànjiyàn Tí Kò Yí Ẹnikẹ́ni Lérò Padà: Ẹ̀kọ́ Àròkọ àti Ìwé Eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ìfáárà

Nínú gbogbo àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń kọ ní èdè Yorùbá, àròkọ alárìíyànjiyàn ni ó rọrùn jù láti dá mọ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Kí olùkọ́ tó mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sọ ni yóò ti rí alága, àwọn adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùtọ́jú àkókò àti àwọn akẹgbẹ́ tí a kí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìkíni yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kéde pé òun fara mọ́ àbá tí ó sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ dára ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ, tàbí pé òun lòdì sí i. Yóò to ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò fi òwe kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, yóò sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé òun ti fi àwọn kókó wọ̀nyí yí àwọn olùgbọ́ òun lérò padà. Ìrètí náà ni ó yẹ kí olùkọ́ dúró lé lórí. Olùgbọ́ wo ni? Èrò wo ni olùgbọ́ náà ní tẹ́lẹ̀ tí a fi ní láti yí i padà?

Orísun ìkíni náà kò farasin. Ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti wá, níbi tí alága ti jókòó lórí àga ní tòótọ́, tí olùtọ́jú àkókò sì mú agogo lọ́wọ́. Nígbà tí àríyànjiyàn kúrò ní gbọ̀ngàn tí ó bọ́ sórí ìwé ìdánwò, àwọn ènìyàn náà kò bá a wá mọ́. Orúkọ oyè wọn nìkan ni ó kù. Ẹni tí ó bá wọn lọ ni olùgbọ́ tí ó lè kọ̀ jálẹ̀, tí ó lè rẹ́rìn-ín, tí ó sì lè da ìbéèrè bo olùsọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fi ojú inú rí irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa kó ìdí jọ bí ẹni tí ń ṣẹ́gi ìdáná lásán; kò ní bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú wọn ni yóò jó.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń tọ́ka sí ni pé ẹ̀kọ́ lílo ọ̀rọ̀ ìyíniléròpadà kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí a kò bá ti kọ́ bí a ṣe ń tú u palẹ̀, àti pé ìwé tí a lè fi kọ́ méjèèjì ti wà nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́, wákàtí lítíréṣọ̀ nìkan ni a ń mú un jáde. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE gan-an, nítorí àwọn ni yóò lọ dúró níwájú kíláàsì lọ́la, bí a bá sì ṣe kọ́ wọn náà ni wọn yóò ṣe kọ́ni.

Oníṣòwò inú ọkọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọgbọ́n ìyíniléròpadà lójúkorojú, kí ó wọ ọkọ̀ akérò tí ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìdíkọ̀ ni oníṣòwò oògùn yóò ti dìde. Kò ní mẹ́nu ba oògùn rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Àdúrà ni yóò kọ́kọ́ gbà, pé a kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ yóò sì ṣe àmín. Ẹni tí ó ti ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ ẹnìkan lẹ́ẹ̀mẹta kò tún lè wò ó bí àjèjì pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣàpèjúwe àìsàn: ẹ̀yìn tí ń dunni ní òwúrọ̀, ojú tí ń ṣú, oúnjẹ tí kì í dà. Kò sí ẹni tí ó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn kì í dùn, nítorí náà oníkálukú yóò gbà pé òun ni a ń bá wí. Ìgbà náà ni yóò sọ iye tí oògùn náà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó tó sọ iye tí òun fẹ́ gbà lónìí nìkan.

Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ ohun tí àròkọ alárìíyànjiyàn kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ àwọn tí ń gbọ́ ọ, ó mọ ohun tí ń dùn wọ́n, ó sì mọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, ti pín ohun tí ń yíni lérò padà sí mẹ́ta ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn: ìwà tí olùsọ̀rọ̀ fi hàn, ipò tí ó mú ọkàn olùgbọ́ wà, àti ẹ̀rí inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àdúrà oníṣòwò ni ìwà, ẹ̀yìn dídùn ni ọkàn. Ẹ̀kẹta, ìyẹn ẹ̀rí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ni kò sí níbẹ̀, òkè ọkọ̀ sì máa ń rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ ní ìlò nìkan lè di oníṣòwò tí ó dára. Èyí tí a kọ́ ní ìtúpalẹ̀ ni yóò béèrè ibi tí ẹ̀kẹta wà.

Ọ̀rọ̀ òwe kò ní gba àlàyé púpọ̀. Àwọn ìwé àròkọ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti máa pa òwe, ìmọ̀ràn náà sì dára. Àbùkù ibẹ̀ ni pé òwe ti gba ipò ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé dìde kò lè rí i, kò tíì fi hàn pé àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn rí ohunkóhun. Alátakò rẹ̀ yóò sì dá a lóhùn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àṣẹ àwọn baba ńlá ni òwe máa ń gbé wọ inú ọ̀rọ̀, àṣẹ yìí a sì máa wúlò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ìgbà tí olùgbọ́ ti ṣetán láti gbà á. Bí a bá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì nítorí iye òwe tí ó pa, ìkójọ ni a ń kọ́ ọ.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìyíniléròpadà

Ìwé eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970, wà lára àwọn ìwé Yorùbá tí ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ jù lọ. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà á pé irú ènìyàn wo ni Ẹfúnṣetán, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́: ìkà ni. Ìdáhùn náà tọ̀nà ní ìwọ̀n ohun tí eré náà fi hàn. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú níbi ìbímọ, tí ó wá fi í ṣe òfin pé ẹrú òun kankan kò gbọ́dọ̀ lóyún tàbí kí ó fún ẹnikẹ́ni lóyún. Adétutù tí ó lóyún, tí ẹ̀bẹ̀ kò sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Látóòsà àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn tí wọ́n dìde sí Ìyálóde. Àti Ìyálóde fúnra rẹ̀ tí ó gbé májèlé jẹ kí ó má baà gbé nínú ẹ̀sín. Òǹkàwé tí ó bá rìn ní ọ̀nà yìí kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí.

Èyí gan-an ni ó fi yẹ kí olùkọ́ àròkọ gba ìwé náà lọ́wọ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀. Ìwé tí gbogbo òǹkàwé gbé ìdájọ́ kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìyíniléròpadà tí ó jinlẹ̀. Ọ̀nà wo ni ó gbà? Ìdáhùn yóò hàn bí a bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Johnson kò fi ìkà Ẹfúnṣetán pamọ́. Ó sọ ti ọmọbìnrin tí ó kú níbi ìbímọ, ó sì sọ ti ìyà tí Ìyálóde fi ń jẹ àwọn ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí ìdí tí Ààrẹ Látóòsà fi rọ̀ ọ́ lóyè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1874, kò dárúkọ ẹrú kankan. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kọ sílẹ̀: pé Ìyálóde kò bá Ààrẹ lọ sí ogun; pé kò fi nǹkan ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí i lójú ogun; àti pé kò jáde fúnra rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú láti kí i kú àbọ̀. Ọ̀rọ̀ ogun, ọrọ̀ àti ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bọ́láńlé Awẹ́ náà, nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, fi ìjà náà hàn gẹ́gẹ́ bí ìjà òṣèlú.

Ikú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù. Nínú àkọsílẹ̀ Johnson, oṣù kẹfà ọdún 1874 kò tíì parí tí àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán méjì fi gba orí àjà wọlé tọ̀ ọ́ lóru tí wọ́n sì pa á, lẹ́yìn tí a ti fi owó ra ọmọ tí ó gbà tọ́. Nínú eré, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi pa ara rẹ̀. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ sí irú àyípadà yìí, ikú tí Ìṣọ̀lá yàn fún un sì bá ìgbéraga ẹ̀dá-ìtàn náà mu. Obìnrin tí kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni kò ní dúró de ọ̀bẹ ẹlòmíràn. Síbẹ̀ àyípadà kan náà ti wẹ ọwọ́ àwọn ìjòyè mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ ilé Ìyálóde nínú ìtàn kò kan ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ìtàgé, òǹwòran sì lè padà sílé pẹ̀lú èrò pé ẹjọ́ ti parí bí ó ti yẹ kí ó parí.

Kì í ṣe pé eré náà purọ́. Ẹ̀rí ìkà wà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi àánú tí ó tọ́ sí Adétutù san gbèsè tí a jẹ Ẹfúnṣetán. Ìṣọ̀lá pàápàá fi ọ̀fọ̀ ọmọ tí ó ṣẹ̀ ẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí ìkà náà má baà jẹ́ àìnídìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó mú ohun kan síwájú, ó fi òmíràn sẹ́yìn, ó sì pààrọ̀ ẹ̀kẹta, bí gbogbo ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀bi náà wà lọ́dọ̀ kíláàsì tí ó ka eré bí ìwé ìrántí, tí ó sì ń fi ìdájọ́ rẹ̀ gba máàkì láti ọdún dé ọdún. Ènìyàn tí ó gbé ayé rí ni a ń dá lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ní ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tí ń ka ìwé náà.

Ẹ̀sùn mẹ́ta, ẹnu méjì

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó lè so lítíréṣọ̀ àti àròkọ pọ̀ kò le láti rí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ tí Látóòsà lè sọ fún àwọn ìjòyè Ìbàdàn, kí ó má sì lo ẹ̀sùn mìíràn ju mẹ́ta tí Johnson kọ lọ. Lẹ́yìn èyí kí ó kọ èsì Ẹfúnṣetán sí àwọn ìjòyè kan náà. Alága àti olùtọ́jú àkókò kò ní àyè níbẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ti di ènìyàn tí ó ní orúkọ, ogun, gbèsè àti ìbẹ̀rù tiwọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dùn ni ìlò ọ̀rọ̀-ìṣe. "Ìyálóde kò bá wa lọ sí ogun" jẹ́ ìròyìn. "Ìyálóde fi wá sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀tá" jẹ́ ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. "Kò fi oúnjẹ ránṣẹ́" lè di "ó fi ebi pa ọmọ ogun Ìbàdàn," ẹni tí kò ṣe ohunkóhun yóò sì di ẹni tí ó ṣe ibi. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún rí agbára tí ó wà nínú "wa" yẹn: ta ni ó wà nínú rẹ̀, ta ni a ti lé jáde? Nígbà tí ó bá kan Ẹfúnṣetán láti fèsì, òun náà yóò wá "wa" tirẹ̀. Johnson sọ pé ẹrú tí ó ní sí oko nìkan tó 2,000, pé ó sì ní àwọn ológun tirẹ̀. Ṣé kí ó fi ọrọ̀ náà ṣẹ̀rù ba àwọn ìjòyè ni, tàbí kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn ta ni kò tíì jẹ nínú rẹ̀ rí? Èwo ni yóò rà wọ́n padà, èwo ni yóò sì mú wọn bínú sí i? Ìbéèrè báyìí ni a kì í gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó gba àkíyèsí jù. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, òun ni ó fúyẹ́ jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ fò ó, tàbí kí wọ́n fi í sí ìparí bí ohun àmúṣàfikún. Olùkọ́ lè dá wọn dúró níbẹ̀ kí ó bi wọ́n pé kí ni àwọn ìjòyè tí ó jókòó níwájú Látóòsà ní ní àpapọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Ìyálóde jẹ ní gbèsè ìrànwọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ti ogun bọ̀ kí a má jáde wá kí i. Ẹni tí kò kí Ààrẹ lónìí lè má kí Balógun lọ́la. Nínú àròkọ tí ó dára, ẹ̀sùn yìí ni Látóòsà yóò fi kẹ́yìn. Òun náà sì ni Ẹfúnṣetán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn, kí ó tó dé orí oúnjẹ àti ìbọn.