Òtítọ́ àti Àbùlà nínú Ètò Aáwọ̀ Lọ́kọláya lórí Amóhùnmáwòrán

Ìfáárà

Nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, eré ni olùwòran ka ìjà tọkọtaya tó bá rí lójú ẹ̀rọ sí. Lóde òní, ọkọ àti aya gidi ni wọ́n ń mú wá síwájú atọ́kùn ètò, tí wọ́n ń ya fídíò wọn, tí wọ́n sì ń gbé e sórí Facebook àti YouTube. Ará Ìléró ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ó máa fi fóònù wo aáwọ̀ ilé ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: báwo ni òtítọ́ inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ òtítọ́ tó? Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé omijé lè jẹ́ òtítọ́ kí ìtàn má jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé ọmọ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ni ó ń jìyà rẹ̀ jù.

Orúkọ Ètò àti Ìlérí Rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò ni orúkọ. Fèyíkọ́gbọ́n, ètò amóhùnmáwòrán tí àwọn àgbà kò tíì gbàgbé, ṣèlérí ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀ kò sọ pé ohun tí òun fi hàn ṣẹlẹ̀. Nǹkan Ń Bẹ, ètò olóògbé Kọ́lá Ọláwuyì tí ó kú ní ọdún 2007, fi orúkọ rẹ̀ sọ pé nǹkan wà ní tòótọ́. Ìlérí méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹni tó ṣèlérí ẹ̀kọ́ lè fi àròsọ mú un ṣẹ. Ẹni tó ṣèlérí òtítọ́ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ọ̀pọ̀ ètò aáwọ̀ lọ́kọláya fẹ́ jẹun nínú àwo méjèèjì. Òtítọ́ ni wọ́n fi ń pe èrò. Bí ẹnìkan bá béèrè ẹ̀rí, wọn a ní kí aráyé lè kọ́gbọ́n ni àwọn ṣe ń ṣe é.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbé Òtítọ́ Kalẹ̀

Àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2005 ni ITV ti ń ṣe ètò The Jeremy Kyle Show, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mọ irọ́ yẹ àwọn olólùfẹ́ tó ń jà wò. Ẹ̀rọ náà kì í wọn irọ́. Ìfúnpá, mímí àti òógùn ara ni ó ń wọ̀n, nítorí náà ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè fara jọ òpùrọ́. Ní ọdún 1988, òfin Amẹ́ríkà ti dí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dán òṣìṣẹ́ wò. Ohun tí kò tó gba ènìyàn síṣẹ́ ni wọ́n wá fi ń dá ẹjọ́ ìfẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ITV pa ètò náà tì pátápátá lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú àwọn tó kópa nínú rẹ̀ kú. Láti ọdún 2021 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, ti fi òfin ìtọ́jú àwọn akópa kún ìlànà rẹ̀.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ wákàtí púpọ̀ lè di ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Ó sì lè jẹ́ ibi tí ọkọ ti tọrọ àforíjì ni wọ́n gé sọnù. Nígbà mìíràn, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò wá rojọ́, bẹ́ẹ̀ Yorùbá gbà pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ìṣeré wà nínú ìgbẹ́jọ́ agboolé pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Aya a máa kúnlẹ̀, ọkọ a máa pòwe, àwọn méjèèjì a sì máa wá ojú rere àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní agboolé mọ ìṣe àwọn tó ń rojọ́. Wọ́n lè sọ fún wọn lójú pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Lọ́la, àwọn àgbà náà yóò tún bá tọkọtaya náà pàdé lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ìdájọ́ wọn ní láti tọ́jọ́. Ìdájọ́ atọ́kùn kò ju kí ó tó àsìkò ètò lọ.

Èyí kò sọ pé ètò wọ̀nyí kò wúlò. Oríyọmí Hamzat, olùdásílẹ̀ Agídìgbò FM ní Ìbàdàn, di gbajúmọ̀ nípa gbígbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú lórí afẹ́fẹ́. Tálákà tí kò lówó agbẹjọ́rò a máa rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ kí a gbọ́ ẹni kò túmọ̀ sí pé ohun tó sọ ti fìdí múlẹ̀.

Ọmọ tí Kò Sọ̀rọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń jiyàn lójú ẹ̀rọ nípa ẹni tó ni ọmọ. Ọmọ náà kò fọwọ́ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2006, dáàbò bo àṣírí ọmọ àti ti ìdílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ agboolé a máa tutù. Fídíò kì í tutù. Bí àyẹ̀wò DNA bá tilẹ̀ fi òdodo hàn, òdodo náà yóò bá ọmọ dé kíláàsì, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ tó bá fẹ́ lo irú fídíò bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ òwe, èébú tàbí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lè lò ó, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ènìyàn gbé kalẹ̀ ni kí ó lò ó, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìwà tọkọtaya Yorùbá. Kí ó kọ́kọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé: ta ni kò sí níbẹ̀? Kí ni wọ́n gé? Ta ni yóò jèrè ìjà yìí? Èyí tó bá sì fi ojú tàbí orúkọ ọmọ hàn, kí ó má gbé e wọ kíláàsì rárá, nítorí ọmọ mìíràn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn lè wà lára àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀.