Ẹ Yé Fi Ẹfúnṣetán Bú Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ láàrin ìlú tó yẹ ká yẹ̀ wò. Bí obìnrin bá dìde nípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, tó ní òun fẹ́ mọ ibi tí owó iná wọlé sí, ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹfúnṣetán ti dé o!" Bí ọ̀gá ọ́fíìsì bá jẹ́ obìnrin, tí kò gba gbẹ̀rẹ́, orúkọ yìí náà ni wọ́n á máa pè é lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń fi Látòóṣà bú ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó ń fi Ògúnmọ́lá bú ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, jagunjagun tó kó ẹrú, tó sì tú ìlú onílùú ni àwọn méjèèjì.

Níbo ni èébú yìí ti wá? Ní tèmi o, inú ìtàn kọ́ ló ti wá. Orí ìtàgé ló ti wá.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó papò dà ní 2018, ló kọ eré onítàn tó ń jẹ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ọdún 1970 ni ìwé náà jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kà á n'ílé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe é ní pápá ìṣeré kan n'Ìbàdàn ní 1981, èrò tó wá wò ó lé ní 14,000. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di sinimá. Eré tí èrò tó báyẹn bá wò ti kọjá eré lásán, ó ti di ẹ̀kọ́.

Mi ò ní í purọ́, eré náà dùn. Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀, èèyàn á máa kà á bí ẹni ń jẹ iyán tó kúnná. Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìbànújẹ́ yìí ló mú un pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù ẹrú rẹ̀ wá lóyún fún Ìtáwuyì, Ìyálóde sì ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Àwọn ìjòyè dìde, Látòóṣà ṣíwájú wọn, wọ́n ṣẹ́gun obìnrin náà. Nígbà tí kò rí ojú gbà á mọ́, ó gbé májèlé jẹ. Àwọn òǹwòran á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ sílé.

Ohun tó ń dùn mí nínú eré yìí kì í ṣe pé ó fi ìkà hàn. Ìkà wà láyé, ó sì yẹ ká fi hàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé òǹkọ̀wé so ìgboyà àti ìkà pọ̀ mọ́ ọrùn kan. Ẹnu tí Ẹfúnṣetán fi ń sọ pé òun kò bẹ̀rù ọkùnrin kankan n'Ìbàdàn, ẹnu náà ló fi ń pàṣẹ pípa aboyún. Nígbà tí eré bá fi máa parí, òǹwòran kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jókòó ní kíláàsì á kọ́ ọ pé obìnrin tí kò bẹ̀rù, ìkà ni, ibi tí yóò sì parí sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìtàn. Obìnrin oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀. Ó ní oko, ó ní ẹrú lọ súà, òun náà ló sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn jagunjagun Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Òótọ́ sì ni pé àwọn àgbà ń ròyìn ìkà tó hù sí ẹrú. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòóṣà fi kàn án ní 1874, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni. Èkíní, kò bá Ààrẹ lọ sógun. Ẹ̀kejì, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun. Ẹ̀kẹta, kò jáde wá sẹ́yìn odi láti kí i káàbọ̀. Ó parí! Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú níbẹ̀? Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ aboyún? Ẹ̀sùn obìnrin tí kò forí balẹ̀ tó ni wọ́n fi kàn án. Ẹni tó ti ń tajà láwìn fún ogun títí tó fi sú u, òun ni wọ́n ní kò kí àwọn dáadáa.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi owó yí ìbátan rẹ̀ kan lọ́kàn padà, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ sì pa á lóru. Ẹ ò rí nǹkan? Nínú ìtàn, wọ́n pa á ni. Lórí ìtàgé, òun ló pa ara rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀wẹ̀ apànìyàn wá di olùgbàlà ìlú.

Àwọn kan á sọ pé eré ni Ìṣọ̀lá kọ, kì í ṣe ìtàn, àti pé òṣèré lómìnira láti yí nǹkan padà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbé ayé rí ló lò, nílùú tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn obìnrin, kọ nípa Ìyálóde yìí nínú ìwé kan tó jáde ní 1992, ó sì fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú ikú rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ka ìyẹn? Mélòó ló wo sinimá?

Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ tún padà sídìí ọ̀rọ̀ Ìyálóde. Ní 1983 ó kọ Olú Ọmọ, eré nípa Tinúbú tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá. Tinúbú náà ṣòwò ẹrú, ẹnu rẹ̀ náà kò sì sé sí ọba. Síbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi sọ gbàgede ńlá l'Ékòó, kò sì sẹ́ni tó ń fi bú ọmọ ẹlẹ́ni. Ẹ wá rí i báyìí pé bí wọ́n bá ṣe sọ ìtàn obìnrin ni ìlú ṣe máa rántí rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá, àwa tí a kì í ṣe Ìyálóde? Ó kàn wá gan-an. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe, mo sì máa ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́jà. Obìnrin tó mọ iye tí àpò gàrí jẹ́ lánàá, tó mọ gbogbo oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó láìwo ìwé, bí mo bá ti yọ bírò báyìí, á ní, "Ẹ lọ bi ọkọ mi." Òmíràn fẹ́ sọ̀rọ̀ nípàdé òbí àti tíṣà, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ má bínú o, mi ò mọ̀ bóyá mo tọ̀nà o, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù o. Nígbà tó bá fi máa dé orí ọ̀rọ̀, alága ti pe ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Orúkọ kan ni wọ́n ń sá fún.

Àwọn kan máa ń gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó dúró níwájú dígí láràárọ̀, kó yin ara rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n dígí kì í jókòó nípàdé. Ìgboyà dà bí òwò, bí a bá ṣe ń ná an ló ń gbèrú. Kí obìnrin fi orúkọ ara rẹ̀ gba rìsíìtì ilẹ̀ tó fowó ara rẹ̀ rà. Kó sọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kó sì dákẹ́, kó má yára já a sílẹ̀. Nípàdé, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ gan-an. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà kò ní kó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin tíṣà Yorùbá, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ìwé Ìṣọ̀lá nù. Ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ, iyebíye ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá parí rẹ̀, ẹ bi wọ́n: kí ni Ẹfúnṣetán ṣe tó jẹ́ ìkà? Kí ló ṣe tó jẹ́ ìgboyà lásán? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, bí wọ́n bá pè é ní Ẹfúnṣetán lọ́la nítorí pé ó béèrè owó iná, kò ní í jókòó. Á tún béèrè.